Iṣẹ́ Owó, Iṣẹ́ Ọwọ́

Lálẹ́ ọjọ́ kan ní wọ́ọ̀dù, mò ń nu ara fún ìyá arúgbó kan. Òyìnbó ni, ó ti lé ní ẹni àádọ́rùn-ún ọdún, orí rẹ̀ sì pé ju tèmi lọ. Bí mo ṣe gbé apá rẹ̀ sókè láti nu abíyá rẹ̀, ó wo ojú mi, ó ní: "Ká ní wọn ò sanwó fún ọ, ṣé wàá ṣe èyí fún mi?" Kò fi ìbínú bi mí o. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. Mo rẹ́rìn-ín, mo sọ pé omi ti fẹ́ tutù, mo sì ń bá iṣẹ́ mi lọ. Ìyá náà ti kú báyìí, mi ò sì tíì dá a lóhùn.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń gbé nílé jọ ní gbólóhùn asọ̀ lórí WhatsApp. Rọpárọsẹ̀ kọlu màámi lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, apá ọ̀tún rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Èmi ni mò ń san owó fún obìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Iléṣà, tó ń wẹ̀ ẹ́, tó ń fún un lóúnjẹ, tó ń yí i padà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ohun tí à ń jà lé lórí kò tó nǹkan, mi ò tiẹ̀ rántí rẹ̀ dáadáa mọ́. Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi fi parí rẹ̀ ni mo rántí: "Owó lo fi ránṣẹ́. Ìwọ kọ́ lo wá."

Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Wọ́n ń sanwó fún mi ní England láti wẹ ìyá ẹlòmíì, èmi náà ń sanwó fún ẹlòmíì ní Iléṣà láti wẹ ìyá mi. Mi ò sọ ọ́ kí ẹ lè káàánú mi. Púpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí mọ bó ṣe ń rí. Mo sọ ọ́ nítorí pé ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹn wà lọ́kàn mi lọ́jọ́ tí mo lọ wo ilé àtijọ́ kan, igi gbígbẹ́ tí mo bá níbẹ̀ ni kò sì jẹ́ kí n rí wọn gbé jù sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Oxburgh Hall ni wọ́n ń pe ilé náà, ní Norfolk, ní ìlà-oòrùn England. Bíríkì ni wọ́n fi kọ́ ọ, omi sì yí i ká bí ìgbà tí òkèlè bá wà láàárín ọbẹ̀. Ọdún 1482 ni ọba fún Edmund Bedingfeld láṣẹ láti kọ́ ilé olódi síbẹ̀. Nígbà tí ìjọba England kúrò lábẹ́ Póòpù, àwọn Bedingfeld kò bá wọn kúrò. Ọmọ Ìjọ Àgùdà ni wọ́n, ọmọ Ìjọ Àgùdà ni wọ́n sì jẹ́ títí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ná wọn lówó, ó sì ná wọn ní ipò. Ihò kan wà nínú ilé náà títí dòní, tí fadá lè wọ̀ lọ sá pamọ́ sí bí àwọn èèyàn ọba bá wá tú ilé. Lẹ́yìn tí òfin ọdún 1829 ti dá ẹ̀tọ́ wọn padà, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan sínú ọgbà, kí wọ́n lè máa sin Ọlọ́run láìsá pamọ́ mọ́. Láti ọdún 1952 ni National Trust ti ń bójú tó ilé náà.

Ká sòótọ́, kì í ṣe nítorí ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ni mo ṣe lọ. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ni ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń ṣiṣẹ́ fẹ́ rí, aṣọ tí Mary Ọbabìnrin Scotland ṣe ọnà sí nígbà tó wà ní àhámọ́. A wò ó, ó dára. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rẹ́ mi lọ mu tíì, èmi sì rìn wọ ṣọ́ọ̀ṣì náà nítorí pé òjò ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yìn pẹpẹ ni iṣẹ́ ọnà tí mò ń sọ wà. Antwerp ni wọ́n ti ṣe é, ní Bẹ́ljíọ̀mù òde òní, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Kí ẹ lè mọ bó ṣe rí, ẹ ro kọ́bọ́ọ̀dù ńlá kan tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀. Àwòrán ọlọ́dà wà lára ilẹ̀kùn. Inú rẹ̀ gan-an, igi gbígbẹ́ ni, ìtàn ìjìyà Jésù. Èèyàn kún inú rẹ̀ fọ́fọ́ bí ọjọ́ ọjà. Wúrà ń dán níbi gbogbo. Láàárín ni wọ́n gbé Jésù kọ́, ó ga ju gbogbo èèyàn yòókù lọ.

Obìnrin àgbà kan jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó ń dá àwọn àlejò lóhùn. Ọ̀fẹ́ ni irú wọn ń ṣe iṣẹ́ yẹn, kò sẹ́ni tó ń sanwó fún wọn. Ó ṣàlàyé fún mi dáadáa, ó sì ń wo aago. Mi ò bá a wí. Ọ̀fẹ́ náà ní aago tirẹ̀.

Nígbà tí mo padà délé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé nípa irú pátákó ẹ̀yìn pẹpẹ báyìí, inú mi sì kọ́kọ́ bàjẹ́. Mo ti rò pé ọkùnrin kan tó fẹ́ràn Ọlọ́run ló jókòó sábẹ́ fìtílà, tó ń gbẹ́ igi, tí omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Rárá o. Ọjà ni. Láti ọdún 1460 ni wọ́n ti ní ọjà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Antwerp tó jẹ́ pé iṣẹ́ ọnà nìkan ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Àwọn pátákó wọ̀nyí, púpọ̀ nínú wọn ni wọ́n ṣe sílẹ̀ láìtíì mọ ẹni tí yóò rà wọ́n, bí ẹni tó rán aṣọ sílẹ̀ de ọdún. Káfíńtà kan á kan àpótí, agbẹ́gilére á gbẹ́ èèyàn, ẹlòmíì á lẹ wúrà mọ́ ọn, ẹlòmíì á kun ọ̀dà sára ilẹ̀kùn. Wọ́n á gbẹ́ àwọn èèyàn kéékèèké náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á sì tò wọ́n sínú àpótí. Oríṣi kan náà ni wọ́n ń gbẹ́ léraléra: ọmọ ogun yìí, ẹṣin yìí, obìnrin tó ń sunkún yìí. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà ló ń yẹ iṣẹ́ wò. Bí igi bá dára, wọ́n á fi irin gbígbóná tẹ àmì sí i lára. Ṣé ẹ mọ àmì tí wọ́n ń tẹ̀? Ọwọ́. Ọwọ́ èèyàn ni àmì ìlú Antwerp, òun náà ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́ igi.

Wọ́n kó wọn lọ sí Sweden, Jámánì, Poland, àti ibi púpọ̀ mìíràn. Lóṣù kẹjọ ọdún 1566, àwọn èèyàn ya wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì Antwerp, wọ́n fọ́ ère tí wọ́n bá níbẹ̀. England ti fọ́ tiwọn ṣáájú ìgbà náà. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé púpọ̀ nínú iṣẹ́ Antwerp tó kù lónìí, ilẹ̀ òkèèrè ni ẹ óò ti rí wọn. Àwọn tó jáde nílé ló kù. (Mi ò fi ìyẹn pa òwe fún ẹnikẹ́ni o.)

Ìbéèrè mi wá ni pé: bó bá jẹ́ ọjà ni, kí ló dé tí mo fi dúró níwájú rẹ̀ títí tí ọ̀rẹ́ mi fi mu tíì tán tó sì wá mi wá?

Màríà ló dá mi dúró. Bí wọ́n ṣe máa ń gbẹ́ ẹ ní Antwerp ni pé lábẹ́ àgbélébùú, ẹsẹ̀ Màríà kò gbé e mọ́, ó ń ṣubú lọ, Jòhánù sì dì í mú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí nọ́ọ̀sì. Ẹni tí kò bá rí ẹni tó dákú rí kò lè gbẹ́ irú rẹ̀: ara tó ti rọ̀, orí tó ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọwọ́ tí kò di nǹkan kan mú mọ́. Ẹni tó dì í mú náà, kò di aṣọ rẹ̀ mú, ara ló dì mú. Wọ́n máa ń kọ́ wa ní yunifásítì bí a ṣe ń gba ẹni tó ń ṣubú, a sì máa ń ṣe é fún ara wa nínú kíláàsì pẹ̀lú ẹ̀rín. Ọkùnrin tó gbẹ́ irú Màríà bẹ́ẹ̀, ó lè ti gbẹ́ ogún irú rẹ̀ ṣáájú, ó sì mọ iye tí wọ́n máa san fún un. Síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ mọ ibi tí ìwúwo ara ń lọ.

Ẹ̀kọ́ kan wà tí iṣẹ́ mi ti kọ́ mi. Ìgbà àkọ́kọ́ tí aláìsàn ṣubú lọ́wọ́ mi, àánú rẹ̀ ṣe mí dé eegun. Ọkàn mi kún. Ọwọ́ mi ni kò mọ nǹkan tó máa ṣe. Lónìí, ẹni tó bá fẹ́ ṣubú níwájú mi, mo lè máa ro ohun tí mo máa sè lálẹ́ kí n sì gbà á kó tó délẹ̀, láìfara pa. Èwo ló wúlò fún aláìsàn nínú méjèèjì? A máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìfẹ́ gidi ni èyí tí ó ń gbóná lọ́kàn, pé ohun tí èèyàn ń ṣe léraléra fún owó ti tutù, pé ẹ̀tàn díẹ̀ wà níbẹ̀. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹni tó gbẹ́ ogún Màríà, lójú mi, ó ti wo ìyá tó ń sunkún pẹ́ ju ẹni tó gbẹ́ ẹyọ kan pẹ̀lú omijé lọ.

Àwọn baba wa náà kò sì gbẹ́ ère lọ́fẹ̀ẹ́. Tí ìbejì kan bá kú, tí Ifá sì ní kí wọ́n gbẹ́ ère rẹ̀, wọ́n ń sanwó fún agbẹ́gilére, wọ́n ń bọ́ ọ. Agbẹ́gilére lè má mọ ọmọ náà rí. Ó gbẹ́ ẹ tán, ó gba owó rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìyá ọmọ ló wá gbé ère náà, ó wẹ̀ ẹ́, ó fi osùn pa á, ó wọ aṣọ fún un, ó fi oúnjẹ sí i lẹ́nu, títí ojú ère náà fi parẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ló sọ igi yẹn di ọmọ? Agbẹ́gilére kọ́ nìkan, ìyá kọ́ nìkan. Lamidi Fakeye, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún tó dolóògbé lọ́dún 2009, Mùsùlùmí ni. Abẹ́ Bandele, ọmọ Aréògún, ló ti kọ́ṣẹ́ sí i, níbi iṣẹ́ tí Fadá Kevin Carroll dá sílẹ̀ l'Ọ́yẹ̀ẹ́-Èkìtì lọ́dún 1947, ó sì gbẹ́ ilẹ̀kùn àti ère fún ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀sìn rẹ̀ kọ́, owó ni wọ́n fi bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Ẹ wá sọ fún mi pé iṣẹ́ yẹn kì í ṣe òótọ́.

Mo mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n mi máa sọ. Yóò ní: agbẹ́gilére kúrò nínú ọ̀rọ̀, ìwọ kọ́ ni agbẹ́gilére, ìwọ lo rà á. Ìwọ lo san owó kí ẹlòmíì lè di Màríà mú.

Òótọ́ ni. Ibẹ̀ ni mo sì wá wo òkè, níbi tí ọmọ wà. Ìwé Jòhánù sọ pé orí àgbélébùú ni Jésù wà nígbà tó fa ìyá rẹ̀ lé ọmọ ẹ̀yìn tó fẹ́ràn lọ́wọ́, tí ìyẹn sì mú un lọ sílé. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì wọ̀ mí lára rí. Nínú igi yẹn ni mo ti rí i pé ọmọ kò lè nawọ́ kan ìyá rẹ̀. Wọ́n ti kan ọwọ́ náà mọ́ igi. Ẹlòmíì ló ń dì í mú, ọmọ ló sì bẹ ẹlòmíì yẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fi ara mi wé Jésù. Kò sẹ́ni tó kàn mí mọ́ nǹkan kan. Mo gba físà, mo wọ ọkọ̀ òfurufú pẹ̀lú ẹsẹ̀ ara mi, mo ra bàtà tuntun fún un pàápàá. Jòhánù náà kò gba kọ́bọ̀. Ohun tí mo rí gbà nínú rẹ̀ kò ju èyí lọ: pé kí ọmọ fi ìyá rẹ̀ lé ẹlòmíì lọ́wọ́ kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú kí ó kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò pọn dandan kó jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n owó kì í mọ́ bẹ́ẹ̀ yẹn, kí n má tan yín. Antwerp tó ń ta Màríà ni Antwerp tí àwọn aṣojú ọba Portugal ti ń ra idẹ àti bàbà, idẹ tí wọ́n fi ṣe ẹ̀gbà ọwọ́ tí wọ́n ń kó wá sí etíkun wa, tí wọ́n fi ra ata, tí wọ́n fi ra eyín erin, tí wọ́n sì fi ra èèyàn. Ìlú kan náà, ọdún kan náà. Nígbà tí mo ka ìyẹn, mo ní kí n tún owó tèmi náà wò. Iye tí wọ́n ń san fún mi fún alẹ́ kan ṣoṣo ní wọ́ọ̀dù ju ohun tí mò ń san fún obìnrin tó ń tọ́jú màámi fún oṣù kan lọ. Iṣẹ́ kan náà ni o. Èmi tí mò ń jà pé iṣẹ́ owó lè jẹ́ iṣẹ́ ìfẹ́, iye tí mo fi lé ìfẹ́ ẹlòmíì nìyẹn. Ó yẹ kí ojú tì mí, ó sì tì mí. Mo fi kún un lóṣù tó tẹ̀ lé e. Ó gbàdúrà fún mi lórí fóònù fún bíi ìṣẹ́jú márùn-ún, ìyẹn tún wá jẹ́ kí ojú tì mí sí i.

Nǹkan kan ṣẹ́ kù nípa igi náà. Irú ère báyìí, iwájú ni wọ́n gbẹ́. Ẹ̀yìn rẹ̀, igi lásán ni, ojú ẹ̀dá kò ní débẹ̀. Àwọn ère tó tóbi ní ayé ìgbà náà, wọ́n tiẹ̀ máa ń họ inú wọn dànù láti ẹ̀yìn. Mo rí ọ̀kan bẹ́ẹ̀ rí ní mùsíọ́ọ̀mù kan ní London, tí wọ́n gbé sí ibi tí èèyàn lè yí i ká: ní iwájú, obìnrin mímọ́, ní ẹ̀yìn, ó dà bí ọpọ́n. Mo bínú sí i lọ́jọ́ náà. Mo ní àwọn agbẹ́gilére tiwa máa ń gbẹ́ tìpàkó-tìpàkó, àwọn wọ̀nyí ń fi ojú jẹ ni. Ó pẹ́ kí n tó mọ ìdí rẹ̀. Bí igi bá ṣe ń gbẹ ni ó ń súnkì, àárín rẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kì í súnkì bákan náà. Tí wọn ò bá họ àárín rẹ̀ kúrò, ojú rẹ̀ á là. Ihò tó wà lẹ́yìn ni kò jẹ́ kí ojú là fún ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú mọ̀ mí gbọ́. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ dé ìlú yìí, gbogbo aláìsàn tó bá kú, mo máa ń gbé e lọ sílé. Lẹ́yìn ọdún méjì, mi ò lè sùn mọ́. Nọ́ọ̀sì àgbà kan, ọmọ Ghana, ló sọ fún mi pé kí n máa fi nǹkan sílẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. Mo rò pé ó ti di òkúta ni. Kò di òkúta. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣe é, ojú rẹ̀ kò là.

Ká ní mo tún rí ìyá arúgbó yẹn, mo máa sọ fún un pé: rárá mà, ká ní wọn ò sanwó ni, ẹ ò ní rí mi níbí. Mi ò tiẹ̀ ní mọ̀ yín. Owó ló mú mi dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín. Ṣùgbọ́n wọn ò sanwó fún mi kí n fọwọ́ kan omi náà wò kí n tó fi kàn yín lára.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni mo pe Iléṣà, a rí ara wa lórí fóònù. Wọ́n ti di irun fún màámi. Iwájú rẹ̀ rí wẹ́wẹ́, ó gún, ó dára, ó dà bí ẹni tó fẹ́ lọ sóde. Inú mi dùn. Obìnrin náà wá yí orí màámi díẹ̀ láti tún ìrọ̀rí ṣe, mo sì rí i pé ẹ̀yìn orí, wọn ò dì í rárá. Wọ́n kàn yà á sílẹ̀ pẹ̀lẹbẹ ni. Ọ̀rọ̀ ti wà lẹ́nu mi. Mo ti fẹ́ ní, "Ṣé owó ni kò tó ni?"

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ló dé tí ẹ ò fi di ti ẹ̀yìn?"

Ó ní, "Ìpàkó ni Màmá fi ń sùn, Sístà. Tí mo bá dì í débẹ̀, á máa gún wọn."

Ó gbé fóònù padà síwájú, ó ní kí màámi kí mi. Ọ̀rọ̀ kò yá màámi lẹ́nu mọ́, èèyàn á dúró dè é. Mo dúró. Ó ní, "Ṣé o ti jẹun?"